Omi Ọ̀ṣun tí ó fi irọ́ bà jẹ́ lórí mi

Mo fẹ́ gbẹ̀san, ẹ̀yin ará page yìí, kò sì sí ẹni tó lè bẹ̀ mí... Ẹ bá mi fi orúkọ bò, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ilé ọkọ mi n'Íléṣà, wọn ò mọ̀ pé mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo.

Èmi nìkan ni mo máa ń rìn ín, ẹsẹ̀ mi ló kọ́ mi. Mo mọ ibi tí ìbòòji wà lẹ́yìn Ìbòkun, mo mọ̀ pé sálúbàtà rọ́bà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ dára ju kánfáàsì lọ, mo mọ̀ pé tí o bá fi omi rin òṣùká díẹ̀, kèrègbè kì í yọ̀ lórí. Omi tí à ń pọn wálé nítorí ọmọ ni mò ń sọ. Láti etí odò títí dé yàrá ẹ, o ò gbọdọ̀ fọhùn. Tí o bá fọhùn, omi lásán ló kù lórí ẹ. Àdúgbò Alékùwódò l'Óṣogbo ló le jù, gbogbo èèyàn ló ń kíni "ẹ kú ìrìn o", ta ló máa gbọ́ ìkíni tí ò ní jẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé obìnrin kan lọ́nà, ará Iperindo, òun náà ń wá ọmọ. Ó jù mí lọ, Àǹtí ni mò ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má retí ọ̀wọ̀ lẹ́nu mi lónìí. Inú mi dùn débi pé mo tú gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, títí kan oríkì mi, títí kan ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi... Òun kì í fọwọ́ di ẹrù mú lórí, torí náà, ó bá mi mú fóònù mi nígbà tí à ń padà. Kò pẹ́, fóònù tiẹ̀ dún, ó gbàgbé, ó ní "Hẹ̀lóò?" Omi tiẹ̀ bàjẹ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ṣáà ń lọ. Ó kù díẹ̀ ká wọ Iléṣà ló fi oríkì pè mí látẹ̀yìn: "Wọ́n pè láti ilé o! Màmá ẹ ti ṣubú!"

Mo figbe ta: "Yéè, màmá mi!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí. Ká jọ padà lọ pọn òmíràn."

Ẹnikẹ́ni ò pè. Màmá mi jókòó sílé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Títí dòní, ọwọ́ mi ṣófo.

Ẹ wá gbọ́ o. Lọ́sẹ̀ yìí ló fi voice note ránṣẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, ọkọ ẹ̀ fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, kí n jọ̀ọ́ bá òun rìn, èmi ni mo mọ ọ̀nà. Mo gbà kíá! Mo ní èmi ni n ó bá a mú fóònù lọ́tẹ̀ yìí... Àbúrò ẹ̀ ń gun ọ̀kadà, òun ni màá ní ó ṣubú. Mo ti ń fi ohun tí mo máa sọ dánra wò ní balùwẹ̀. Ṣé mo burú ni? Ṣé kò tọ́ sí i?

Ohun kan ṣoṣo ló dí mi lọ́wọ́: tí mo bá lanu ba omi tiẹ̀ jẹ́, tèmi náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo sì fẹ́ ọmọ, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ọmọ... ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn! Ọ̀túnla la máa gbéra. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún rí, kí lẹ rí sí i: ṣé kí n ru kèrègbè tèmi, àbí kí n fi sílé, kí n lè ráyè sọ̀rọ̀?