Kí Bàbá Rí Mi Nínú Pápá

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá
Mo wà nílé, ní abúlé. Ọjọ́ àwọn òkú — àbẹ́là kún gbogbo itẹ́ òkú. Bàbá ò lè rìn dé ibojì bàbá tirẹ̀ mọ́. Inú mọ́tò ló jókòó sí, ó ń nàka ibi tí mo máa gbé àbẹ́là sí, bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo padà wọ mọ́tò tì í, ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, tèmi lo máa tàn. Má lọ ra olówó pọ́ọ́kú o." Màmá pariwo mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é. Dókítà ní kò sóhun tó kù láti ṣe. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà máa díbọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń dúró dè: kí òun rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, kí n máa gbá bọ́ọ̀lù. Kí n máa gbá a o, kì í ṣe kí n jókòó tì í.

Àìkú, 10
A na àwọn ará Alytus. Èmi? Bẹ́ǹṣì. Mo wọṣọ, mo sáré kí ara gbóná, mo jókòó, mo pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni mí. Apàtẹ́wọ́ ni mí.

Bàbá pè. "Ọ̀pá Iná" — bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí orí mi ti ń kan àtẹ́rígbà — "ṣé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ǹṣì yẹn ni?"
Mo ní ara mi ò tíì gbóná tó ni.
Ó ní, "Tèmi ti ń tutù lọ."

Ọjọ́bọ̀, 14
Ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, 16
Ìlú Klaipėda la ti gbá. Wọ́n fi mí wọlé nígbà tí eré ti fẹ́ parí. Mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré. Màmá ní Bàbá ti sùn lọ kí wọ́n tó fi mí sí i. Ta ni mo ṣẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 26
Mo lọ bẹ Súfèé. (Kóòṣì wa ni. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Súfèé. Tó bá gbọ́, mo gbé.) Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá fún un. Ó ń jẹ búrẹ́dì dúdú lọ, ó ń gbọ́. Ó ní ó dun òun. Ó ní ṣùgbọ́n pápá kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣàánú ènìyàn, pé tí òun bá fi ẹnì kan wọlé nítorí bàbá rẹ̀, òun ti gba àyè ẹlòmíràn nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú bí mi gan-an, torí òótọ́ ló sọ.

Baba Orúnkún dúró dè mí níta. Vaidotas ni, ọ̀gá wa nínú pápá, tó ń fi báńdéèjì di orúnkún méjèèjì bí ẹrù ọjà. Ó ní, "Ó tó, àbúrò. Wá, jẹ́ ká lọ ju bọ́ọ̀lù." A jù ú títí wọ́n fi pa iná mọ́ wa lórí.

Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá
Mo rí Bàbá lórí fóònù. Ojú rẹ̀ ti kéré. Ó ní ìgbà wo la tún ń gbá. Mo ní Àbámẹ́ta. Ó ní, "Màá dúró."
Mo ní kí n wá sílé. Ó kọ̀ jálẹ̀. "O fẹ́ wá wò mí? Èmi ni mo fẹ́ wò ẹ́."

Ẹtì, 6
Màmá ní oorun ni Bàbá ń sùn ṣáá. Kí n má pè lónìí.

Àbámẹ́ta, 7
Mo gbá a! Mo gbá a! Yàrá ìmúra ni mo wà, mi ò tíì wẹ̀.

Láàárọ̀ Súfèé gba fóònù gbogbo wa. Òfin tuntun, ó ní, kí ọkàn wa lè wà lára eré. Mo kùn. Ó wá ka orúkọ àwọn márùn-ún tó máa bẹ̀rẹ̀ — orúkọ mi wà níbẹ̀! Mo bojú wẹ̀yìn bóyá Tautvydas mìíràn wà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baba Orúnkún dì mọ́ mi, kò tètè fi mí sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ń wá bá mi ṣáá. Deshawn, ará Amẹ́ríkà wa tí kì í fún ẹ̀dá kankan ní bọ́ọ̀lù, ń fún mi. Géńdé kan nínú ẹgbẹ́ tá a bá gbá, tó bú mi tìyá-tìyá lọ́dún tó kọjá, mo ṣubú báyìí, ó fà mí dìde, ó tún gbọn èjìká mi. Àbí ó ti ronú pìwà dà ni? Àmì mẹ́tàlélógún! Tó bá ti wọlé, màá yíjú sí kámẹ́rà, màá lu àyà mi: Bàbá, ẹ̀ ń rí mi? Gbogbo èrò dìde fún mi. Àwọn obìnrin kan tiẹ̀ ń sunkún. A ò gba ife-ẹ̀yẹ kankan, kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún?

Súfèé ní kí n wá rí òun ní ọ́fíìsì tí mo bá wẹ̀ tán. Ìwé àdéhùn tuntun ni, ó dájú. Màá gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀, màá pe Bàbá. Ó máa bú mi nítorí àwọn tí kò wọlé. Jẹ́ kó bú mi.

Ajé, 9
Bàbá kú láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú Màmá búra: tó bá bọ́ sí ọjọ́ eré, kí wọ́n má sọ fún mi títí eré á fi parí. Màmá pe Súfèé. Súfèé sọ fún àwọn yòókù. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Géńdé yẹn mọ̀. Àwọn obìnrin yẹn mọ̀.

Òkú ni mo ń lu àyà fún. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fò sókè, bàbá mi sì ti gan. Ojú ń tì mí débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí.

Mo bi Súfèé bóyá nítorí ẹ̀ ló fi fi mí wọlé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 10
A sin ín. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa dé látàárọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá fẹ́ bá wọn gbé pósí, àmọ́ wọ́n kúrú sí wọn, apá ọ̀dọ̀ wọn wọlẹ̀ jù, pósí ń dàgẹ̀rẹ̀. Àwọn òmìrán wa nìkan ló wá gbé e. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí ò pè mí. "Tí mo bá pè ẹ́, o ò ní gbá a. Kí ni ǹ bá wá sọ fún un?" Fún un! Fún ẹni tó ti kú. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò nílé.

Àbámẹ́ta, 21
Orí pápá tiwa la ti gbá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ara tù mí níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Deshawn yẹ̀. Súfèé fi ìka sẹ́nu, ó súfèé, ó ní, "Tautvydas, dìde."

Mi ò dìde. Mo wo ojú Baba Orúnkún, mo wo ojú Súfèé. Mo ní, "Ta ló kú?"

Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ṣé mi ò rí ẹsẹ̀ Deshawn ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo dìde, mo kọ pápá sílẹ̀, yàrá ìmúra ni mo sá lọ. Wọ́n ń pè mí padà. Mo wá fóònù mi rí, mo pe Màmá. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹ́? Mò ń wò ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n níbí, ṣebí wọ́n ní kó o wọlé. Lọ, lọ gbá a."

Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí mo fi gbọ́ láti inú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i.