Oríkì Yín Lẹ́nu Mi ní Róòmù

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Róòmù. Ara mi le, òtútù ò sì tíì dé. Iṣẹ́ fíìmù tí mo sọ fún yín ń lọ dáadáa, lọ́dọ̀ Bàbá Ottavio tó ń kọ ìtàn fíìmù kábọ́ì nígbà kan. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú àwọn tí ẹ wò lára aṣọ funfun níléèwé ní Èsìẹ́. Bàbá náà ò dé Amẹ́ríkà rí o. Inú yàrá tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ti ń wọṣọ fún un yìí ló jókòó sí tó kọ gbogbo ẹṣin àti ìbọn yẹn, orúkọ bíi ti ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń kọ sára fíìmù náà dípò orúkọ rẹ̀, kí fíìmù lè tà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ̀, kò dìde lórí ibùsùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Àkànó, ilẹ̀ ti mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá pe Àkànó, kì í sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Àná ni Timothy àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹ kì í fẹ́ dìde láàárọ̀ mọ́, látìgbà tí Màámi ti lọ. Màámi nìkan ló ń fi Àkànó jí yín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ bá mi kí Timothy àti Caroline ìyàwó rẹ̀. Bàbá Ottavio náà kí yín. Kò mọ̀ pé tiyín ni oríkì náà. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé Àkànó ti jí.

Ọmọ yín,
Àràmídé