Yàrá Òkè ní Adó-Odò

Àǹtí Adéfúnkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ pé ìyá kan ní Òkokomaikò ló kọ̀wé.

Ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe ní Alábà. Lọ́dún tó ń bọ̀, a fẹ́ kó lọ sílé tó ń kọ́ ní Adó-Odò fún ọjọ́ ogbó wa. Owó oúnjẹ wà nípamọ́, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kọ́ o! Ó ní bàbá onílé kì í gbé ìsàlẹ̀, àti pé èmi tí ooru ń dà láàmú, òkè ni atẹ́gùn wà, ibẹ̀ ni yàrá wa máa wà. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gun bíríìjì tí wọ́n fi ń sọdá títì ní Ìyànà-Ìbà. Mo ti dé òkè kí n tó wẹ̀yìn. Ó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó di irin mú, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Mọ́tò ni mò ń wò."

Ẹ gbọ́ mi! Orúnkún yẹn náà ló máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́, kó má rò pé mo kọ ẹ̀bùn rẹ̀? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àmọ́ mo mọ̀ pé òun náà ń gbọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fèrèsé ńlá sí yàrá ìsàlẹ̀. Èmi yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún àwa méjèèjì.