Sítọ́ọ̀ Kòkó Tí Ẹ Fún Mi

Bàbá mi àtàtà,

Láti ilé akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àbídíyà, ní Mẹ́kà níbí, ni mo ti ń kí yín. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì kọ lẹ́tà kan sí yín. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin yín. Mo ṣe úmúrà fún yín, mo sunkún dáadáa, mo sì padà sí kíláàsì. Ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀ kòkó ló mú mi gbé bíírò. Àlàájà Sìkírá, ọ̀rẹ́ ìyá wa, wá ṣe Hájì lọ́dún yìí, ó sì mú ìwé kan wá láti ọwọ́ Múfú. Àbúrò mi yìí fẹ́ kí sítọ́ọ̀ tí bàbá yín fi amọ̀ mọ, tí ẹ̀yin náà ti ra kòkó títí irun yín fi funfun, di ilé àṣà fún gbogbo ìlú. Wọ́n á kó òṣùwọ̀n àti irinṣẹ́ oko àtijọ́ síbẹ̀, àwọn àgbà á máa pa àlọ́ fún ọmọdé, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ aṣọ híhun á kọ́ ọ. Ìlú ní àwa ọmọ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú.

Ha! Múfú? Múfú tó máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà kí n má baà rí i? Láti ìgbà wo ni ìfẹ́ ìlú ti wọ̀ ọ́ lára? Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ní ọwọ́ kan ejò nínú.

Ẹ ṣáà rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ níbí. Ẹ mú mi lọ sí sítọ́ọ̀. Ẹ gé hóró kòkó kan jẹ, bí ẹ ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ sì tu ú sẹ́yìn láìwo ẹni tó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní tèmi ni ilé náà, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú àpótí mi ló wà títí dòní, òun àti ìkámà, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí.

Láti ìgbà tí ẹ ti kú ni mo ti ń gbọ́ pé Múfú ń wọ ibẹ̀. Mo gbà pé ó já ilẹ̀kùn ni. Àmọ́ Àlàájà mú fọ́tò wá: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọdé jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àgádágodo yín sì wà níbẹ̀, kò fọ́ rárá. Mo wá ń da ìbéèrè bo Àlàájà bí ọlọ́pàá, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi jíju òkò lu èṣù ní Mínà dé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní Múfú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún un, lọ́sẹ̀ kejì tí mo kúrò nílé, pé tirẹ̀ ni, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi ìpàdé ìlú ni Múfú ti tú u síta, ó ní tòun ni, òun sì fi tọrẹ.

Mo ní kó búra. Bàbá, mo ní kí Àlàájà búra, nínú Mẹ́kà! Ó ní wàláì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì bú mi débi pé mò ń bẹ̀rù kí èébú náà má ba Hájì rẹ̀ jẹ́.

Mo sá lọ sídìí ìwé òfin ogún tí ẹ rán mi wá kọ́, kí n lè fi borí Múfú. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé bàbá kò gbọdọ̀ dá ọmọ kan lọ́lá kó fo èkejì. Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn rí nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó kan bàbá tèmi.

Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé mi ò ní padà wálé bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi? Ṣé Èkó lẹ ń bẹ̀rù pé Múfú máa sá lọ? Ó dùn mí gan-an ni. Nítorí sítọ́ọ̀ yìí, mi ò fèsì lẹ́tà àbúrò mi kankan. Ó bímọ, mi ò kí i. Olè ni mò ń pè é lọ́kàn mi.

Nígbà tí mo sin Àlàájà dé pápákọ̀ òfurufú ní Jẹ́dà, mo buwọ́ lu ìwé náà lórí ẹrù rẹ̀. Ti Múfú ti parí nínú mi. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Bí mo bá rántí àdúrà tí ẹ máa ń ṣe sí mi létí, tàbí orúkọ tí ẹ máa ń pè mí bó bá ku àwa méjì, mo máa ń rò ó bóyá Múfú náà gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kọ̀wé bi í. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í dìde lórí ìrun láì tọrọ àforíjìn fún yín.