Àbẹ́là Tí Bàámi Ní Kò Ní Jó

Màámi àtàtà,

Mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán pé kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ ṣé, àmọ́ mi ò bọ̀. Ta ló ní iṣẹ́ àbẹ́là ò dáa? Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà rárá: bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti débẹ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo tí mo ní ni mo fi ń yọ́ ìda, nítorí náà búrẹ́dì ni mo ń jẹ, ó sì ti mọ́ mi lára. Lánàá, mo kánjú da ìda sínú ife kí ooru rẹ̀ tó rọlẹ̀, ni gbogbo àbẹ́là náà bá jìn láàárín bí ìdodo. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún wọn yọ́.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún wọn pé àbẹ́là tí wọ́n ní kò ní jó, iná rẹ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nínú yàrá mi tí kò ní fèrèsé, lọ́sàn-án gangan.

Èmi ọmọ yín, olórí kunkun.