Áísì Tó Lọ́ra Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti ń le. Àwa ọmọ wọn ni ara wa ò yá.

Àgídí, àbúrò wa, ló ki áísì olówó pọ́ọ́kú, ègé dúdú kékeré tó ń gbé ohùn ga, èyí tó lọ́ra bí ìgbín, bọ inú ẹ̀rọ tí ọsibítù ní ká ṣe fún wọn láti fi máa dán etí wò. Nígbà tí ìgbì ohùn ń yára sí i, áísì ò lè bá a sáré. Lójú ẹ̀rọ tá a fi ń wo ìgbì, èyí tó yẹ kó tẹ̀ roboto wá ṣóńṣó bí òrùlé. Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní ojú mi ti fọ́. Mo fi irin gbígbóná tá a fi ń yọ́ òjé lẹ wáyà jó o létí. Ó fi tiransifọ́mà fọ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi áísì tó yára ránṣẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú yín.

Èmi ń sọ, Àgídí ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kó kọ èyí náà síbẹ̀: ọwọ́ òsì mi ṣì wà.