Ọkọ̀ Nọ́ńbà Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì 1956. Ugbóńlá.

Akódà kánsù dé láàárọ̀. Ó dúró lórí afárá pákó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó lu agogo, ó ka ìwé. Òfin tuntun. Láti Épírì lọ, ọkọ̀ ojú omi tó bá ń gba owó lọ́wọ́ èrò gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tuntun, ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ni kó sì wá tẹ̀ka. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló parí, nítorí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Gúdù Fúráídè, wọn ò ní ṣí ọ́fíìsì. Ọkọ̀ tí kò bá ní in, ṣéènì ni wọn yóò fi dè é.

Títí di èṣí, ta ló ń béèrè ẹni tó ni ọkọ̀? Wọ́n á gba ṣílè mẹ́wàá, wọ́n á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí rìsíìtì, ó tán. Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ni tiwa. Èmi ni mò ń san án. Èmi àti Bàbá Olówòkéré la jọ ń tu ọkọ̀ náà lọ sí Igbókọ̀dá — òun nídìí, èmi níwájú, èrò láàárín. Ọkọ̀ náà la fi ń jẹun nínú ilé yìí: èmi, Ìyá tó bí ọkọ mi, àti Ọmọ́lẹ́wà tí yóò pé ọmọ ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹni tó ni ọkọ̀ wá dà? Jọọlá, ọkọ mi. Nínú ìwé yìí, Tèmi ni mò ń pè é. Ó bá àwọn apẹja lọ sí ọ̀nà Kàmẹrúùnù ní Òkítóbà 1952. Kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ló ń bá a kọ lẹ́tà. Méjì péré ló dé. Nínú ìkejì ó béèrè orúkọ tí a sọ ọmọ. Mo fèsì. N kò mọ̀ bóyá ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ọdún méjì àti oṣù méje, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn dojú dé. Wọn ò mọ èwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Máàṣì.

Fúnra rẹ̀. Kí kánsù yáa bá mi wá a nígbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 8 Máàṣì.

Igbókọ̀dá. Èrò mẹ́jọ, ewúrẹ́ kan tó ń tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí gbogbo wọn sọ̀ tán mo lọ sí ọ́fíìsì kánsù.

Akọ̀wé ibẹ̀ ń jẹ́ Lawrence. Gègé ìkọ̀wé kì í kúrò létí rẹ̀, nítorí náà mo ti sọ ọ́ ní Gègé. Ọmọlúàbí ni, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó fún mi níjòókòó. Ó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀ kẹtàdínláàádọ́ta. Mo ní ọkọ mi ni. Ta ni kò mọ̀? Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kí ọkọ mi wá. Tàbí kí ó fi ìwé ránṣẹ́, kí ó tẹ̀ka sí i, kí wọ́n lè fi wé ìtẹ̀ka rẹ̀ tó wà nínú ìwé ńlá àtijọ́. Ìwé yẹn ṣì wà ní Òkìtìpupa, wọn á gbé e dé kí oṣù tó parí. Tàbí — ó yọ gègé, ó nù ún, ó tún nù ún — tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé opó ni yín, mà. Ìyẹn ò le rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni.

Ó ní kò le! Bí ẹni ń júwe ilé fún àlejò. Mo ní ṣé ẹ ti rí òkú rẹ̀ ni? Ó ní rárá, mà. Mo ní èmi náà ò rí i.

Títí a fi délé mo ń kanra mọ́ Bàbá Olówòkéré, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì.

Mo sọ fún Ìyá. Ó ro pupuru tán ná. Lẹ́yìn náà ó gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ Tèmi kúrò lára ògiri, ó rì í bọ omi lábẹ́ ilé bó ti ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Nínú ìdílé wọn, àjẹ̀ ọkùnrin tó wà lájò kì í gbẹ. Bó bá gbẹ, á là. Ó ti kọ́ Ọmọ́lẹ́wà kí ó máa kí i. Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀: ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ó rò pé bí bàbá ṣe ń rí nìyẹn — gígùn, pẹlẹbẹ, kì í dáhùn.

Ìyá nu ọwọ́, ó ní: Ìyàwó, ọjọ́ tí o bá pe ara rẹ lópó, ọjọ́ náà ni n ó fi àjẹ̀ yìí dáná.

Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Máàṣì.

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí. Irọ́ ni. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, ó sì mú mi débi tí n kò lè dìde.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ okùn. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó lọ, Ọjọ́bọ̀ ni, 9 Òkítóbà. Mo fún un ní ṣílè mẹ́ta kí ó bá mi ra okùn tí a ó máa fi so ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló ti Igbókọ̀dá dé, ọwọ́ òfo. Mo ní okùn dà? Ó ní owó ti tán. Mo ní lórí kí ni? Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo bú u. Mo pè é ní àpò jíjò. Oyún Ọmọ́lẹ́wà wà lára mi, ohun gbogbo ló ń bí mi nínú nígbà náà. Òru méjèèjì tó kù, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i sùn. Àní títí di àárọ̀ tó wọkọ̀, n kò dárí jì í. Nítorí okùn!

Ojú rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn mi. Mo máa ń wá a, n kì í rí i dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò ṣá — àpá ìwọ̀ tó la àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ já láàárín. Ó máa ń fi àtàǹpàkò yẹn nu epo kúrò létí ẹnu mi.

Ọjọ́rú, 14 Máàṣì.

Mo jí, mo bá Ìyá nídìí àdògán, ó ti fi èédú kun àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní kí n gbé ìwé wá. Ó ní ṣebí òun lòun bí i? Ìka rẹ̀ kò ha ní jọ tòun? Mo ní Ìyá, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní kí wọ́n wá mú arúgbó.

Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbé ìwé wá. A tẹ̀ ẹ́. Ó jáde rodo bí ojú ẹyin, kò sí àpá kankan nínú rẹ̀. Ìwé ńlá yóò tú wa fó. Ìyá wò ó títí. Ó ní: àpá yẹn ni kò sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọ ọwọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì.

Ẹnìkan sọ pé Sàláúdéènì, Ìmàle tó ń ta ẹja gbígbẹ, ti ti Kàmẹrúùnù dé, ó wà ní Mọ́lútẹ̀hìn. A ti ń tukọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ń ṣe àlùwàlá nígbà tí a débẹ̀, mo dúró dè é. Ó ní òun rí Jọọlá kan! Ní àgọ́ àwọn apẹja, lọ́dún tó kọjá! Mo ní báwo ló ṣe rí? Ó ní ọkùnrin gígùn kan báyìí, aláriwo.

Tèmi kò ga. Kì í pariwo.

Mo ní ṣé àpá wà lójú àtàǹpàkò rẹ̀? Ó ní arábìnrin, ẹ forí jì mí, n kì í wo àtàǹpàkò ọkùnrin. Ó fún mi ní ẹja ṣáwá méjì fún ọmọ. Mo gbà á. Mo sunkún nínú ọkọ̀, Bàbá Olówòkéré ṣe bí ẹni pé koríko ojú omi lòun ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 19 Máàṣì.

Òjò. Èrò mẹ́ta péré.

Ọjọ́bọ̀, 22 Máàṣì.

Ọkọ̀ mẹ́fà ti kan páànù nọ́ńbà tuntun mọ́ iwájú. Èrò ti ń wo iwájú tiwa kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Moríkẹ́ oníṣúgà, tí mo ti ń fi ọkọ̀ gbé láti ọjọ́ pípẹ́, bá ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ó ní kí n má bínú, ẹrù òun lòun ń bẹ̀rù fún.

Bàbá Olówòkéré kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lónìí ó dá àjẹ̀ dúró láàárín omi. Ó ní: Ìyàwó Jọọlá, bó bá ti kú, kò ní gbọ́. Bó bá wà láàyè, yóò rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Máàṣì.

Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá fi ṣéènì de ọkọ̀ yìí, kí la ó jẹ? Ọmọ kì í jẹ àárò.

Opó. Opó. Opó. Mo kọ ọ́ síbí kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n. Ó kúrú púpọ̀.

N kò sọ fún Ìyá.

Ọjọ́bọ̀, 29 Máàṣì.

N ó kọ ọ́ bó ti wá.

Bẹ́ǹṣì kún. Ènìyàn mọ́kànlá, mo kà wọ́n, n kò mọ̀dí tí mo fi kà wọ́n. Bàbá Olówòkéré tẹ̀lé mi wọlé láti ṣe ẹlẹ́rìí. Gègé ní òfin sọ pé kí n sọ ọ́ sókè kí òun tó kọ ọ́. Ó béèrè: Rhoda, kí lẹ jẹ́ sí Jọọlá, ará Ugbóńlá? Mo ní ìyàwó— Mo ní opó rẹ̀ ni mí.

Bàbá Olówòkéré ṣí fìlà. Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ní ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Gègé kọ ọ́. Ó wá fa ìwé ńlá àtijọ́ sọ́dọ̀. Ìjẹta ni wọ́n gbé e dé láti Òkìtìpupa. Ó fẹ́ fa ìlà sórí orúkọ olóògbé, bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn. Ó ṣí i dé nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Gègé ìkọ̀wé dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó.

Wọ́n ti fa ìlà sórí orúkọ Jọọlá tẹ́lẹ̀. Tàdáwà pupa. Lábẹ́ rẹ̀: Rhoda, ìyàwó rẹ̀. 9 Òkítóbà 1952. Owó ìyí-orúkọ-padà, ṣílè mẹ́ta.

Ṣílè mẹ́ta.

Gègé ní mà, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ yìí láti ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ wí fún mi pé ọkọ yín ló ni ín ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kú. Ó ya fọ́ọ̀mù opó náà sí méjì, ó kó o sínú agbọ̀n. Ó rò pé ó ti tán nìyẹn. Ẹyin lohùn.

Ìtẹ̀ka rẹ̀ wà létí ìwé. Mo bẹ Gègé kí ó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Àpá ìwọ̀ yẹn là á já láàárín, ó funfun balau nínú tàdáwà dúdú. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ẹni tó fẹ́ padà wá, kí ló fẹ́ fi orúkọ mi sórí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe? Ṣé ó ń já mi sílẹ̀ ni? Àbí ó mọ omi, ó mọ oyún tó wà lára mi, ó sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa? Mo ń béèrè okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Máàṣì. Gúdù Fúráídè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pétérù sẹ́ Olúwa. Ẹ̀ẹ̀kan ni tèmi, ó sì tó.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Épírì. Àjíǹde.

N kò lè gbé e mọ́. Mo jókòó ti Ìyá, mo sọ gbogbo rẹ̀: ìwé ńlá, ṣílè mẹ́ta, ìtẹ̀ka. Mo sì sọ ohun tí mo wí lójú ènìyàn mọ́kànlá. N kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ìyá dìde. Ó gbé àjẹ̀ kúrò lára ògiri. Iná wà nídìí àdògán, mo rí i pé ó wò ó. Ọmọ́lẹ́wà dì mọ́ ìdí àjẹ̀ náà, ó ní ibo lẹ ń gbé Bàbá lọ?

Ìyá dúró. Lẹ́yìn náà ó ní: ẹni tó ń sá lọ kì í yà sanwó lójú ọ̀nà. Ó ní kí n di apá kejì mú, àjẹ̀ ti ń wúwo jù fún òun. A jọ rì í bọ omi.

Ọjọ́bọ̀, 5 Épírì.

A kan páànù tuntun mọ́ iwájú ọkọ̀. Akódà wò ó, ó kọjá. Èrò méje, Moríkẹ́ wà nínú wọn, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín jù bó ti yẹ.

Mo ra okùn ní Igbókọ̀dá. Ó ti di ṣílè márùn-ún. Bàbá Olówòkéré ní okùn ti ara ọkọ̀ ṣì le dáadáa, kí ni mo fẹ́ fi òmíràn ṣe. Mo ní mo mọ̀.

Nígbà tí a délé mo ní kí ó máa lọ. Èmi nìkan ni mo so ọkọ̀ mọ́ òpó. Mo dì í, mo fà á, mo tún un dì. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí ọ̀nà òkun, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má gbọ́ nínú ilé: Jọọlá, okùn rèé.